Land Cruiser àtijọ́, táyà 35 àti ẹ́ńjìnnì Coaster

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Land Cruiser FJ80 ti ọdún 1991 ni mo ní, tòkúnbọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù 3F-E, gíà ọ̀tọ́mátíìkì. Táyà 31x10.50R15 ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ṣakí ni mò ń gbé. Oko kaṣú mi tó kìlómítà 18 sí ìgboro, ẹ sì mọ bí ọ̀nà oko ṣe máa ń rí nígbà òjò. Mo tún máa ń fi ọkọ̀ náà gbé àwọn ará ilé lọ sí Ìbàdàn. Ó ń mu epo jù, òkè sì ń dá a dúró. Mo fẹ́ wọ táyà 35 sí i, kí n gbé ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì Coaster sínú rẹ̀, kí ọ̀tọ́mátíìkì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Wẹ́dà kan ní òun á parí gbogbo rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àbúrò mi ní kí n kúkú gbé V8 sí i. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹ kú oko o, ẹ sì kú ìnáwó epo.

Táyà 35 àti ẹ́ńjìnnì Coaster ò lè jọ gbé inú ọkọ̀ yín kí ọkàn yín balẹ̀. Táyà ńlá ń béèrè agbára, ẹ́ńjìnnì Coaster ò sì ní àlékún agbára kankan tó máa fún un. Ẹ lè mú ọ̀kan nínú méjèèjì. Bó bá jẹ́ méjèèjì lẹ fẹ́ dandan, iṣẹ́ kẹta kan wà tí wẹ́dà yẹn ò dárúkọ fún yín rárá. Dífù ni, àwọn irin eléyín láàárín ẹsẹ̀ méjì tó ń gba agbára ẹ́ńjìnnì fún táyà, tiwájú àti tẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi agbára bẹ̀rẹ̀. 3F-E tó wà nínú ọkọ̀ yín ò pé lítà mẹ́rin tán, họ́ọ̀sípáwà 155 ni Toyota sì kọ sí i nígbà tó ṣì wà ní tuntun. Ẹ́ńjìnnì Coaster tí wọ́n máa ń gbé sínú irú ọkọ̀ yìí ni 1HZ: sílíńdà mẹ́fà tó tò lórí ìlà kan, lítà 4.2, kò ní tọ́ọ̀bò, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn kún inú ẹ́ńjìnnì. Họ́ọ̀sípáwà tirẹ̀ ò ju nǹkan bí 130 lọ. Ẹ wá wò ó: ẹ fẹ́ yọ 155 kúrò, kí ẹ fi 130 sípò rẹ̀, torí pé òkè ń dá ọkọ̀ dúró. Ìró rẹ̀ ló ń tan àwọn èèyàn. Dísẹ́ẹ̀lì máa ń dún bí ohun tó lè fa ilé tu, ó sì ń fà láti ìsàlẹ̀ láìjẹ́ pé a tẹ iná mọ́ ọn títí. Ìdí nìyẹn tó fi lè kó èrò àti ẹrù wọn láti Ìlọrin dé Èkó láìráhùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ti wọ Coaster rí. Ẹ rántí bó ṣe máa ń gun òkè.

Èrè 1HZ ò sí nínú eré. Ó wà nínú pé kì í mu epo tó bẹntiróòlù, pé kò ní bréènì bọ́ọ̀sì (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì) tó lè ya wèrè sí èèyàn lọ́wọ́ láàárín oko, àti pé tí wọ́n bá ń fún un ní ọ́ìlì mímọ́ àti omi lásìkò, ó lè pẹ́ ju ẹni tó ni ín lọ. Bó bá jẹ́ ìyẹn lẹ ń wá, mo wà lẹ́yìn yín. Bó bá jẹ́ agbára, ibòmíràn ni ká wá a lọ.

Ó kan táyà, níbi tí owó púpọ̀ ti ń ṣòfò. Ẹ fi 31 pín 35, gíga táyà méjèèjì ní ínṣì, ẹ máa rí 1.13. Ìyẹn ni pé nígbàkígbà tí táyà bá yí lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ á fi ìdá 13 nínú 100 lọ síwájú ju ti tẹ́lẹ̀. Ó dùn létí, àmọ́ ẹ́ńjìnnì ló máa san owó ìrìn yẹn. Dífù ọkọ̀ yín jẹ́ 4.10, ìyẹn ni pé pùròpẹ́là, ọ̀pá tó ń yí lábẹ́ ọkọ̀ lọ bá dífù, á yí lẹ́ẹ̀mẹ́rin ó lé díẹ̀ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá wọ 35 láìfọwọ́ kan dífù, bí ìgbà tí ẹnìkan lọ yọ 4.10 tó fi 3.63 síbẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti gun kẹ̀kẹ́ onígíà rí, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí ṣéènì bá bọ́ sórí irin tó kéré jù lẹ́yìn, tí òkè sì wà níwájú. Orúnkún ni yóò sọ fún yín.

Ohun tó máa dá a padà sípò ni dífù 4.56. Pẹ̀lú táyà 35, ó máa ṣe bíi 4.04, ó sì sún mọ́ ti ilé-iṣẹ́. Ṣùgbọ́n FJ80 kì í ṣe ọkọ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan rìn. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo. Bí wọ́n bá yí dífù ẹ̀yìn nìkan, iwájú àti ẹ̀yìn á máa jà sí ara wọn nínú tíráńsífà, àpótí tó ń pín agbára fún méjèèjì, títí ọ̀kan á fi fọ́, ọjọ́ tí ẹ bá sì lo lọ́ọ̀kì àárín rẹ̀, tó ń so iwájú àti ẹ̀yìn pọ̀, nínú ẹrẹ̀ ni yóò fọ́. Méjèèjì lẹ máa rà. Kíráùn àti píníọ̀nù, irin eléyín méjì inú dífù, tiwájú ò sì bá tẹ̀yìn mu: tiwájú kéré ju tẹ̀yìn lọ, òdì ni wọ́n sì gé eyín rẹ̀ sí. Mo ti wá 4.56 kiri Ládípọ̀, mo ti wá a dé Gate n'Íbàdàn, 4.10 ni gbogbo wọn ń gbé jáde fún mi, wọ́n á tún máa búra pé ọ̀kan náà ni. Ẹ máa ní láti ra èyí tí wọ́n ń ṣe fún ọjà ìta, kí wọ́n fi ránṣẹ́, kí ẹ sì wá ẹni tó mọ bí wọ́n ti ń tò ó. Tí eyín rẹ̀ bá jìnnà síra ju bó ti yẹ lọ, á máa sunkún bí ọmọ ọwọ́ láti 60 lọ sókè, kò sì ní pẹ́ rárá.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ lórí dífù, tèmi náà wà níbẹ̀. Ọkọ̀ tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ẹ ò mọ ohun tí wọ́n ti pààrọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ lè fúnra yín kà á. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ fi òkúta dí táyà iwájú méjèèjì, kí gíà wà ní níútírà, kí ẹ sì rí i pé lọ́ọ̀kì àárín ò sí. Ẹ fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ṣoṣo sókè, kí èkejì wà nílẹ̀. Ẹ fi ẹfun fa ìlà sára pùròpẹ́là ẹ̀yìn, ẹ fa òmíràn sára táyà tó wà lókè. Kí ẹnìkan fi ọwọ́ yí táyà náà lẹ́ẹ̀mejì géérégé, kí ẹlòmíràn máa ka ìgbà tí pùròpẹ́là yí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni o, nítorí pé nígbà tí ẹsẹ̀ kejì ò yí, ìdajì ìrìn táyà ló ń dé inú dífù. Bó bá yí lẹ́ẹ̀mẹ́rin tó sì lé ní bíi fífẹ̀ ìka méjì lára pùròpẹ́là, 4.10 ni. Bó bá lé ní ìdajì ìyípo, ẹlòmíràn ti ṣe yín lóore, ẹ pè mí kíá.

Mo ti jẹ ìyà táyà ńlá rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi, oníbàárà kan gbé 4Runner wá, táyà 28 ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ní òun fẹ́ 33. Mo gbé e ga, mo gé fẹ́ńdà díẹ̀, mo wọ 33 sí i, ọkọ̀ wá dà bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ní ọjọ́ kẹta, ó ní ká jọ gbé e lọ sí Adó-Èkìtì. A gba Iléṣà, a dé òkè Èfọ̀n Alààyè. Bí a ti ń gun òkè ni ọ̀tọ́mátíìkì ò mọ gíà tí yóò mú mọ́. Á bọ́ sí ìkẹta, á padà sí ìkejì, á tún gbìyànjú ìkẹta. Kò pẹ́ tí òórùn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, bíi ti ẹ̀pà tó jó mọ́ ìdí agbada. Hádúróólíìkì gíà ló ń jó. A páákì, a jẹ́ kó tutù. Nígbà tí a wá ń sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì, mo tẹ bíréèkì, kò mú bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ ọkọ̀ kó tó gbọ́. Ẹnikẹ́ni ò fara pa, ṣùgbọ́n gíà yẹn ò lò ju oṣù méjì lọ. Èmi ni mo san ìdajì owó òmíràn, torí pé èmi ni mo wọ táyà náà láìṣe ìṣirò.

Ọ̀rọ̀ bíréèkì yẹn ni kí ẹ mú dání. Táyà tó ga ń fún ọkọ̀ ní ọ̀pá gígùn láti fi bá bíréèkì jìjàkadì, ìdá 13 kan náà ló sì fi gùn sí i. Ẹ wá ro ìwúwo mọ́ ọn: táyà 35 kan lè fi bíi kílò mẹ́wàá wúwo ju 31 lọ, ó sì ń yí ni, kì í ṣe pé ó jókòó. Lórí FJ80 ti 1991, dúrọ́ọ̀mù ni bíréèkì ẹ̀yìn; láti 1993 ni ti Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní dísìkì lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó bá fẹ́ 35 lórí ọkọ̀ yín, bíréèkì ló yẹ kó kọ́kọ́ fowó sí. Ó tún máa ní láti gbé ọkọ̀ ga. Tí wọ́n bá sì gbé Land Cruiser 80 ga láìtún igun àwọn apá tó di àásù iwájú (irin gbọọrọ tó so ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì pọ̀) mú ṣe, sítíárì á máa ṣáko lójú títì, kò ní máa padà sáàárín fúnra rẹ̀ lẹ́yìn kọ́nà. Ààgo eré náà á máa purọ́ fún yín: ó máa ka 100, ẹ̀yin á ti wà lórí 113.

Ohun tí èmi máa wọ̀ fún ọ̀nà yín ni 33x10.50R15. 4.10 yín á ṣe bíi 3.85, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára díẹ̀ lórí òkè, ṣùgbọ́n kò ní pa gíà. Ó bá rììmù 15 tó wà níbẹ̀ mu, kò sì fi bẹ́ẹ̀ nílò kí ẹ gbé ọkọ̀ ga. Bí ẹ ò bá rí i rà, ẹ wá rììmù 16 ti 80 tó dé lẹ́yìn, kí ẹ fi 285/75R16 sí i. Gíga wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ kíyè sí i pé mi ò ní kí ẹ ra èyí tó fẹ̀ jù. Ilẹ̀ pupa tiwa yàtọ̀ sí iyanrìn aṣálẹ̀. Ẹrẹ̀ orí rẹ̀ ń yọ̀ bí ilá, àmọ́ bí táyà bá gé e wọlé díẹ̀, á kan ilẹ̀ líle nísàlẹ̀. Táyà tó fẹ̀ á léfòó sórí ẹrẹ̀, á máa jó. Àwọn awakọ̀ Bedford ayé àtijọ́ tó ń kó kòkó jáde nínú igbó, ẹ wo bí táyà wọn ṣe tín-ín-rín tó.

Irú tí wọ́n ń pè ní A/T, táyà gbogbo ọ̀nà, tó yín. M/T, táyà ẹrẹ̀, lẹ́wà, ó ń gbá ẹrẹ̀ dànù dáadáa, ṣùgbọ́n láti Ìsẹ́yìn dé Ìbàdàn yóò máa hó sí yín létí, ìyàwó yín ò sì ní bá yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó dé Mọ́níyà. Márùn-ún lẹ máa rà, kì í ṣe mẹ́rin. Sípéà náà gbọ́dọ̀ bá wọn dọ́gba, nítorí ọ̀rọ̀ tíráńsífà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Táyà tòkúnbọ̀ wà nínú ohun tí ìjọba Nàìjíríà ní kí wọ́n má kó wọlé, síbẹ̀ ẹ ṣì máa rí i lójú ọ̀nà, tí wọ́n ti fi nǹkan dúdú kun ún kó máa dán. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ DOT sí. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni ọjọ́ orí rẹ̀: 2219 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 22 nínú ọdún 2019. Bí ẹni tó ń tà á bá ti fi abẹ há nọ́ńbà yẹn kúrò, ẹ máa lọ.

Ó ku ẹ́ńjìnnì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ra òmíràn, ṣé 3F-E yín ò lágbára ni, àbí ara rẹ̀ ni kò yá? Mo ti rí FJ80 tí ẹni tó ni ín ti ra ẹ́ńjìnnì míì sílẹ̀, tí wọ́n ti fi táńpólì bò ó sí ẹ̀yìnkùlé, àṣé kátálíìsì inú sáléńsà, asẹ́ tó ń fọ èéfín mọ́, ló dí. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni, epo tiwa sì ti bà á jẹ́. Àmì rẹ̀ ni pé ó máa ń dún dáadáa lórí ìdúró, ṣùgbọ́n tí ẹ bá tẹ iná mọ́ ọn, á máa mí bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò nímú. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kó fi gẹ́ẹ̀jì wọn kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n, bí sílíńdà ṣe ń fún atẹ́gùn pọ̀ tó, lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Iye wọn gan-an ò ká mi lára tó bí wọ́n ṣe sún mọ́ra tó. Bí márùn-ún bá jọra tí ẹyọ kan sì rẹlẹ̀ gan-an, fáàfù tàbí tópù gásíkẹ́ẹ̀tì ni, kò tíì di ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì tuntun. Ẹ fọ nọ́sù, ẹ yí fíítà epo, ẹ wo ẹ̀rọ ọ́síjìn tó wà lára ẹ́sọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wa ọkọ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ sún ọwọ́ mọ́ rììmù kọ̀ọ̀kan: èyí tó bá gbóná ju àwọn yòókù lọ, bíréèkì rẹ̀ ń di táyà mú. Ẹ̀yin ń tẹ iná, òun ń tẹ bíréèkì, epo ló ń san gbèsè.

FJ80 tí ara rẹ̀ dá á mu bíi lítà 18 sí 20 fún kìlómítà 100. Bí tiyín bá wà níbẹ̀, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. 1HZ nínú irú ọkọ̀ kan náà lè mu bíi 13. Ká ní ẹ ń rìn 300 kìlómítà lọ́sẹ̀: lítà 57 bẹntiróòlù dojú kọ lítà 39 dísẹ́ẹ̀lì. Lítà 18 ni ìyàtọ̀, ó sì wúni lórí. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo owó méjèèjì ní ilé epo Ṣakí. Bí dísẹ́ẹ̀lì bá fi ìdá kan nínú márùn-ún wọ́n ju bẹntiróòlù lọ, lítà 39 yẹn ti di owó lítà 47. Èrè yín wá ku lítà mẹ́wàá lọ́sẹ̀, bíi 520 lọ́dún. Ẹ fi owó iṣẹ́ tí wẹ́dà pè fún yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn, kí ẹ ka iye ọdún tó máa gbà kó tó padà. Ní 2023, nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo, ojoojúmọ́ ni àwọn èèyàn ń wá bá mi pé kí n gbé dísẹ́ẹ̀lì sínú ọkọ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ni mo dá padà pẹ̀lú bírò àti ìwé.

Bí ìṣirò bá sì tọ́ka sí 1HZ síbẹ̀, ó dáa. Toyota fúnra rẹ̀ gbé 1HZ sínú 80, HZJ80 ló ń jẹ́. Ẹ bá mi wá ìyẹn, kì í ṣe ti Coaster. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó so mọ́ ara wọn yàtọ̀. Abẹ́ 80 ní àásù iwájú tó gba abẹ́ ẹ́ńjìnnì kọjá, ó sì ń lọ sókè sódò. Bí sọ́ńpù, àwo ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnnì, bá jókòó síbi tí kò yẹ, ọjọ́ tí ẹ bá já sí kòtò àkọ́kọ́ ni àásù máa lọ fẹnu kò ó. Bó bá jẹ́ ti Coaster lẹ rí, ẹ gbé sọ́ńpù méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì wo ibi tí sìtì ẹ́ńjìnnì, irin tó jókòó lé, wà. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára kíkì, mọ́tò tó ń jí ẹ́ńjìnnì: 12V ni tàbí 24V? Àwọn kan láti Japan ń lo 24V, bátìrì yín ò ní jí i.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ló ń fa atẹ́gùn tó ń jẹ́ kí bíréèkì rọ̀ lẹ́sẹ̀. Dísẹ́ẹ̀lì ò ní ìyẹn. Pọ́ǹpù kékeré kan tó wà lẹ́yìn ọ́tánétọ̀ 1HZ, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná, ló ń ṣe é. Tí ẹni tó ń ta ẹ́ńjìnnì bá ti yọ ọ́tánétọ̀ yẹn tà lọ́tọ̀, tí rewáyà sì wá èyíkéyìí síbẹ̀, iná á wà, ọkọ̀ á jí, bíréèkì á sì le bí òkúta. Tánkì gbọ́dọ̀ di fífọ̀, kí wọ́n yọ pọ́ǹpù bẹntiróòlù inú rẹ̀, kí páìpù tó ń dá epo padà wà, kí fíítà tó ń yọ omi kúrò nínú dísẹ́ẹ̀lì wà pẹ̀lú. Bẹ́líìtì táímì 1HZ, ìgbàkígbà tó bá pé 100,000 kìlómítà ni wọ́n ń yí i. Ẹ ò mọ iye tí tòkúnbọ̀ ti rìn, nítorí náà ẹ yí i kó tó wọlé, nígbà tó ṣì wà nílẹ̀ tí ọwọ́ tó o.

Ní ọjà, kí ẹ tó gbà pé ẹ́ńjìnnì dára, ẹ ní kí wọ́n jí i níwájú yín ní tútù. Bó bá ti gbóná kí ẹ tó dé, ẹ lọ jẹ ọbẹ̀, kí ẹ padà wá. Tó bá ti jí, ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì, kí ẹ gbé e lé ihò náà ní ìdojúdé láìdè é. Bó bá ń mì díẹ̀ níbẹ̀, ó wà láàyè. Bí èéfín inú bá ń gbé e jó tó sì fẹ́ jù ú nù, ríìnì tó wà lára písítìnì ti jẹ. Ẹ tún fi ìka tọ́ ẹnu páìpù omi. Bí ìpara funfun bíi ògì bá wà níbẹ̀, ọ́ìlì àti omi ti pàdé.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òun á fi tọ́ọ̀bò sí 1HZ kó lè gbé 35. Inú yàrá kékeré kan nínú tópù, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì, ni iná ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì yẹn; bí ooru bá pọ̀ níbẹ̀, tópù á sán. Toyota ní dísẹ́ẹ̀lì tó fi tọ́ọ̀bò sí fúnra rẹ̀ nínú 80, 1HD-T, họ́ọ̀sípáwà rẹ̀ ju 160 lọ. Bí ẹ bá rí i, kí wọ́n wo béárìn ìsàlẹ̀ kọnẹ́tìnì rẹ̀ kí ẹ tó lò ó, ibẹ̀ ni àìlera rẹ̀ wà.

Ọ̀tọ́mátíìkì tí ẹ ní kó ṣì wà níbẹ̀, ẹ gbàgbé rẹ̀ bó bá jẹ́ 1HZ. Ọrùn rẹ̀ ò bá ẹ́ńjìnnì náà mu. Kódà tí wẹ́dà bá jó irin láàárín wọn, orí ìyára bẹntiróòlù ni gíà yẹn ti kọ́ bó ṣe ń yí. Ẹ ra gíà ọlọ́wọ́ márùn-ún tó bá ẹ́ńjìnnì wá, H151F, pẹ̀lú kílọ́ọ̀ṣì, fúláíwíìlì, tíráńsífà àti pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì, lára ọkọ̀ kan náà. Lẹ́yìn náà kí ẹ wọn pùròpẹ́là, nítorí gígùn rẹ̀ lè yí.

Àbúrò yín tó ní V8, ọ̀dọ́ ni, mi ò bínú sí i. 2UZ ti Land Cruiser 100, lítà 4.7, ẹ́ńjìnnì gidi ni. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, bréènì bọ́ọ̀sì rẹ̀ àti gbogbo wáyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a wá, ẹ̀yin náà sì lẹ ń kígbe epo. Bó bá jẹ́ agbára lẹ fẹ́ lóòótọ́, 1FZ-FE ni kí ẹ mú, èyí tí Toyota fi rọ́pò 3F-E nínú 80 ti Amẹ́ríkà láti 1993. Lítà 4.5, họ́ọ̀sípáwà 212, ọ̀tọ́mátíìkì tirẹ̀ sì ń bá a wá. Kí wọ́n yọ wáyà rẹ̀ látòkè délẹ̀, kí wọ́n má fi pùláyà gé e. Wáyà tí wọ́n bá gé lọ́jà, oṣù kan gbáko ni rewáyà máa fi wá ẹnu rẹ̀.

Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé ọkọ̀ yín. Ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tó ta ẹ́ńjìnnì, ẹ fi tó ọlọ́pàá létí, kí ẹ sì lọ ṣàtúnṣe rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ kí ọkọ̀ tó jáde lọ sójú títì. Ẹni tí wọ́n bá dá dúró lẹ́bàá Ìsẹ́yìn pẹ̀lú nọ́ńbà méjì tó yàtọ̀, ó di dandan kó sun ibẹ̀.

Ní ti wẹ́dà yẹn, ẹni tó yẹ kó jó sìtì ẹ́ńjìnnì ni, kì í ṣe ẹni tó yẹ kó ṣe olórí iṣẹ́. Olórí iṣẹ́ ni mẹkáníìkì tó ti gbé irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ sínú 80 rí, tó sì lè mú yín lọ wo ọkọ̀ náà níbi tó ti ń rìn. Ọ̀sẹ̀ méjì ò tó. Oṣù kan àbọ̀ ni mò ń pè fún àwọn oníbàárà mi, wọ́n sì tún máa ń bínú sí mi.

Ẹ má tíì fún un lówó ìṣáájú. Ẹ ka pùròpẹ́là, ẹ wọn kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ sọ fún mi rììmù tó gbóná, kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Kí ẹ sì ya àwòrán abẹ́ ọkọ̀ wá, láti iwájú, kí n lè rí àásù yẹn.